Iṣẹ́ Wo Ni Kí Ọ̀dọ́ Kọ́kọ́ Gbà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ sọ, níṣojú àwọn òbí wọn

Ẹ̀yin òbí, owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe owó kékeré, ojú gbogbo wa ni ó sì ṣe. A mọ ẹni tí ó ta ilẹ̀ nínú yín. A mọ ẹni tí ó kó èsúsú tí kò fi kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ ra nǹkan fún ara rẹ̀. A mọ ìyá tí kò bá ẹgbẹ́ dá aṣọ láti ọdún mẹ́rin wá, nítorí kí ọmọ lè jókòó níwájú olùkọ́. Ọmọ ti jáde wàyí. Ìwé-ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo ilé sì ń béèrè ní àárọ̀, tí wọ́n tún ń béèrè ní alẹ́, ni pé: iṣẹ́ dà?

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa, òun ni ó sì gbé wa dúró níwájú yín lónìí: irú iṣẹ́ wo? A kò ní tàn yín jẹ. Kò sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ wà ní àpò rẹ̀ nínú gbogbo àwa tí a jókòó síwájú yín yìí. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sọ èrò wa nípa èyí tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ mú nínú àwọn tí ó bá bọ́ sí ọ̀nà rẹ̀. Èrò wa náà nìyí: iṣẹ́ tí ó bá wà nínú agbo iṣẹ́ tí o fẹ́ fi ayé rẹ ṣe ni kí o kọ́kọ́ gbà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn ún pè létí ọ̀rẹ́.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí ilé wa. Ọmọ náà kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, ó sì yege. Iṣẹ́ méjì ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n lásìkò yìí. Àkọ́kọ́ ni pé kí ó wá ṣe alábòójútó ilé kan tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Fáànù wà níbẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, owó oṣù sì jọjú. Èkejì ni ti ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí ń tún katakata ṣe ní ẹ̀yìn ìlú, tí ó ní owó tí òun lè máa fún un kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí wa, ó jókòó, ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó ní katakata ni òun yóò lọ máa tún ṣe. Ṣé nítorí kí ó lè máa fi epo ọkọ̀ wẹ̀ ni mo ṣe ta ṣọ́ọ̀bù mi?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, kò sọ nǹkan kan. A kò lè dá ìyá náà lẹ́bi. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ wọn kí a tó jókòó.

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ọmọ alágbẹ̀dẹ bá ti lè dá jókòó ti iná, ìdí ẹwìrì ni wọ́n ń mú un lọ. Kò tíì lè gbé òòlù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́ sí iná. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń fẹ́ ẹ ni ojú rẹ̀ wà lára irin: ó ń wo àwọ̀ tí irin ní kí bàbá rẹ̀ tó yọ ọ́ nínú iná, ó ń gbọ́ bí ó ti ń dún nígbà tí ó bá gbóná tó àti nígbà tí kò bá tó. Kí a tó gbé òòlù lé e lọ́wọ́, irin ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Àyàn. Omele ni yóò kọ́kọ́ gbé kọ́ èjìká, yóò sì máa lu ohùn kan náà títí ọwọ́ yóò fi ro ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń lu ìyáàlù ni ó dúró sí, gbogbo oríkì àti òwe tí ìlù náà ń fọ̀ ni etí rẹ̀ sì ń gbà wọlé. Ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn a máa ká òwú fún ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó jókòó sí ìdí òfì. A kò gbọ́ rí pé bàbá kan rán ọmọ tí yóò di alágbẹ̀dẹ lọ sí ìdí ata títà fún ọdún mẹ́ta, kí ó ní bí ó bá kówó jọ tán kí ó wá kọ́ irin. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré inú ilé iṣẹ́ náà ni ẹnu ọ̀nà. Àwa tí a kàwé ni a rò pé a lè gba orí òrùlé wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà kan tí a ń ná nígbà kan rí. Ní 1881, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde ní Èkó. Kí ni wọ́n fi ṣe níbẹ̀? Akọ̀wé kékeré, tí ń to ìwé lẹ́sẹẹsẹ kí àwọn ọ̀gá lè rí i nígbà tí wọ́n bá ń wá a. Bí a bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kan nínú yín lónìí, yóò ṣòro kí ó má fajú ro. Bàbá Macaulay fúnra rẹ̀ ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ tálákà tí kò ní ibi tí yóò yà sí. Síbẹ̀ ó to ìwé.

Ẹ wo irú ìwé tí ó ń tò. Ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ títì, afárá àti ilé ìjọba ń gbà kọjá ni ó jókòó sí. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ní 1890 ìjọba ràn án lọ́wọ́ láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó padà dé ní 1893, ó di awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá dé. Ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí ó ni ín àti owó tí ó yẹ kí a san. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ tí ń dájọ́ fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay ni ó bá Olóyè náà rìn lọ ní 1920. Ní 1921 ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé owó ilẹ̀ ní kíkún tọ́ sí Olóyè náà nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n jọ ni ín. A kò sọ pé Macaulay mọ̀ ní 1881 pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀la. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọkùnrin tí kò bá tí ì fi ọdún púpọ̀ gbé láàárín ìwé ìjọba àti okùn ìwọnlẹ̀, kì bá tí rọrùn fún un láti mọ ibi tí ẹjọ́ náà ti lágbára.

Kí ni iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ń fún ọ̀dọ́ tí ìwé kò lè fún un? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ilé kíkọ́, ìwé yín ti sọ iye yanrìn àti òkúta tí a ń pò mọ́ àpò sìmẹ́ńtì kan. Ibi iṣẹ́ ni ẹ ti máa rí i pé ẹni tí ń po ó ti bu omi sí i jù, nítorí kí ó lè rọ̀ lọ́wọ́, kí ó sì tètè lọ sílé. Ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti kọ́ bí a ti ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí láìjẹ́ pé ó gbé ṣọ́bìrì jù sílẹ̀, nítorí òpó tí omi rẹ̀ pọ̀ jù kò ní lágbára, bí ó ti wù kí àwòrán ilé náà dára tó lórí tákàdá. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè náà, bí ó bá la ẹnu, wọn yóò mọ̀ pé àlejò ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò béèrè pé, "Ta ni ó mọ ọmọ yìí?" Bí ó bá jẹ́ pé ilé tẹ́tẹ́ ni gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́ wà, ọ̀rọ̀ rere tí wọn yóò sọ nípa rẹ kò ní wúlò fún ẹni tí ń wá ẹni tí yóò kọ́ afárá.

Ohun mìíràn wà tí a kì í fẹ́ sọ níwájú òbí, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ó ń fi han ọ̀dọ́ pé ohun tí òun rò pé òun fẹ́, òun kò fẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin kan wà tí a mọ̀ tí ó ń sọ láti kékeré pé lọ́yà ni òun yóò jẹ́, gbogbo ilé sì ti ń pè é ní Lọ́yà. Kí ó tó wọ yunifásítì, ó fi oṣù mẹ́ta ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan. Ó rí i pé àwọn ìwé tí ó wà lára ògiri ni òun fẹ́ràn. Ìjà ilẹ̀ àti ìjà ogún tí ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní gbogbo àárọ̀, ó ń bà á nínú jẹ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ilé-ìkàwé, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Oṣù mẹ́ta ni ó ná an. Bí kò bá jókòó sí ọ́fíìsì yẹn, ọdún mẹ́fà àti owó ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ì bá ná an.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìṣirò owó, tiyín nìyí. Akíntọ́lá Williams, tí ó kú ní 2023 lẹ́ni ọdún 104, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè oníṣirò owó àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1949 ni ó gbà á. Ẹni tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nígbà náà lè ní kí ìlú máa gbé òun gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà wálé ní 1950, ọ́fíìsì owó orí ìjọba ni ó wọ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ṣíṣírò iye tí ó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀. Ní 1952 ó jáde, ó sì dá ilé iṣẹ́ ìṣirò owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n gba iṣẹ́ náà kan.

Ẹ rò ó wò ná. Ta ni oníṣòwò máa ń wá kiri bí ìwé owó orí bá dé? Ẹni tí ó mọ bí ọ́fíìsì owó orí ti ń ronú ni. Akíntọ́lá Williams ti jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì náà. Ó mọ ìwé tí wọn yóò béèrè àti ibi tí ìṣirò àwọn ènìyàn ti ń wọ́. Ọdún méjì yẹn, tí ẹlòmíràn ì bá kà sí ọdún iṣẹ́ ìjọba lásán, ilé-ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí òfin sì dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó àgbà ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1965, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ààrẹ.

Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni a fẹ́ láti kékeré. Nígbà tí a jáde ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá ìtẹ̀wé kan ní kí a wá kọ́ bí a ti ń to lẹ́tà òjé, kí a máa ka ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ láti rí àṣìṣe rẹ̀, pé lẹ́yìn ọdún kan a ó máa kọ ìròyìn díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ilé ìtajà ńlá kan fẹ́ akọ̀wé tí yóò máa ka ọjà inú àká. Owó ti ilé ìtajà tó ìlọ́po méjì. A sáré lọ. A ní bí a bá ti kó owó díẹ̀ jọ, a ó padà sí ìwé ìròyìn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni a fi ka páálí ọṣẹ àti agolo mílíìkì.

Nígbà tí a wá wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn nígbẹ̀yìn, ọmọkùnrin kan tí a fi ọdún méjì ṣáájú ní ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi wá sí abẹ́ rẹ̀. Òun ni ó gba ipò tí a kọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ìtẹ̀wé yẹn. Ó mọ iye ọ̀rọ̀ tí ó ń kún òpó kan láìkà á. Ó mọ ìròyìn tí yóò fa ẹjọ́ kí lọ́yà tó rí i. Bí ó bá wo ojú ìwé fìrí, ó ti rí ibi tí ó wọ́. Àwa kò mọ ọ̀kankan. A pè é ní ọ̀gá, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí ọ̀gá ni lóòótọ́. Ní ti owó tí a fi ń yangàn ní ilé ìtajà, a kò lè tọ́ka sí ohun kan tí a fi rà tí ó ṣì wà lónìí, àfi wọ́ọ̀ṣì kan tí kò rìn mọ́. Kí a má purọ́, a kọ́ ohun kan níbẹ̀: a mọ bí a ti ń pa ìwé owó mọ́, ó sì ràn wá lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tó fún un.

Ẹnì kan lè dìde wàyí kí ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ebi ń pa wá." Ó tọ̀nà. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn kan wà nínú yín tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí, tí àbúrò mẹ́rin ń wo ojú wọn. A kò ní sọ fún irú wọn pé kí wọ́n máa jẹ ìrètí. Ẹ gba iṣẹ́ tí yóò bọ́ yín. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè rí i nítòsí agbo tí ẹ ń fẹ́. Wọlé Ṣóyínká parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Leeds, kò sì sí ẹni tí ń dúró láti fi í ṣe òǹkọ̀wé eré. Iṣẹ́ tí ó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 1958 àti 1959 ni pé ó ń ka eré tí àwọn ẹlòmíràn kọ ránṣẹ́ sí ilé ìṣeré Royal Court, kí àwọn ọ̀gá lè mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n gbé sórí ìtàgé. Kíka iṣẹ́ oníṣẹ́! Ṣùgbọ́n inú ilé ìṣeré ni ó wà. Ní 1960 ó padà wálé, eré tirẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi ṣe àjọyọ̀ òmìnira; ní 1986 ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Bí kò bá sì sí èyí tí ó súnmọ́ ọn rárá ńkọ́? Ẹ rántí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́. Lẹ́yìn ogun Hitler, kò rí owó tí yóò fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó rí ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní Èkó. Jíjẹ́ ìránṣẹ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fi àyè sílẹ̀ fún un, kò sì fi àyè náà sùn. Ó ń kọ̀wé. Ní 1952 wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mu tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká ayé. Nítorí náà, bí iṣẹ́ tí o rí kò bá bá ti ọjọ́ iwájú rẹ mu, béèrè bóyá yóò dá wákàtí kan padà fún ọ lóòjọ́. Iṣẹ́ tí kò kọ́ ọ ní nǹkan, tí ó sì ń dá ọ padà sílé bí aṣọ tí a fún omi rẹ̀ tán, òun gan-an ni kí o sá fún bí o bá ti rí ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jáde tán, ọ̀nà ti wà fún yín tí kò sí fún àwa. Láti 1973 ni ètò ti wà tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò ní kíláàsì lọ sí ibi iṣẹ́, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní I.T. Oṣù mẹ́fà ni fún àwọn ẹnjiníà ní yunifásítì. Àwọn ti pólítẹ́kíníìkì pàápàá, ọdún kan ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn OND kí wọ́n tó wọlé fún HND. Kí ni a ń fi í ṣe? A rí ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná tí ó fi oṣù mẹ́fà náà jókòó sí ọ́fíìsì àbúrò bàbá rẹ̀, tí ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ àlejò. Bàbá náà fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ta ni wọ́n tàn jẹ? Ṣé ìjọba ni? Ọjọ́ tí ọmọ náà bá dúró níwájú ẹ̀rọ iná tí ó ń ta páńpá ni yóò mọ ẹni tí wọ́n tàn.

Lẹ́yìn èyí ni ọdún agùnbánirọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ka ọdún náà sí ọdún ìsinmi. Lójú tiwa, òun ni ọdún tí ó dára jù láti fi wá ìmọ̀ dípò owó, nítorí ìjọba ni ó ń bọ́ yín lọ́dún náà. Lẹ́yìn òfin owó oṣù tuntun ti 2024, wọ́n fi kún owó agùnbánirọ̀ dé 77,000 náírà lóṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dé. Bí wọ́n bá rán ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro láti kọ́ ọmọdé, kí ó má ṣe jókòó kí ó máa ráhùn. Kí ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdánwò kẹ́mísírì tí eruku ti bò, kí ó fọ ìgò inú rẹ̀, kí ó kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá jí irú yàrá bẹ́ẹ̀ dìde ní ohun tí yóò sọ bí ilé iṣẹ́ oògùn bá pè é fún ìdánwò. Ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ sì wà tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ẹ yan ẹgbẹ́ tí ó bá iṣẹ́ yín mu, kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ yín wà.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń gbani síṣẹ́ pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀ níhìn-ín. Àṣà kan ti wọlé dé: ọ̀gá yóò pe ọmọ tí ó jáde yunifásítì, yóò ní, "Kò sí owó o, ìmọ̀ ni mo fẹ́ fún ọ." Ọdún kan yóò kọjá, ọdún méjì yóò kọjá, ìmọ̀ náà yóò ku títẹ bẹ́ǹṣì gbígbóná àti ríra ońjẹ ọ̀gá. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń wí. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń mú ọmọ lọ síbi ẹ̀kọ́ iṣẹ́, wọ́n ń dá ọdún fún un, ẹlẹ́rìí ń jókòó, wọ́n sì ń sọ ojú ẹsẹ̀ ohun tí ọ̀gá yóò kọ́ ọmọ náà àti ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ gba owó kékeré nítorí ìmọ̀, ẹ dá ọjọ́ fún un, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí owó ọkọ̀ ó kéré tán wà nínú rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ẹ kò tíì fọwọ́ kan ohun tí ẹ torí rẹ̀ wá, ẹ bi ọ̀gá léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí ó ṣì jẹ́ bákan náà, ẹ dágbére.

Ẹ sì má jẹ́ kí orúkọ ilé iṣẹ́ tàn yín jẹ. Ẹnjiníà tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ńlá tí àmì rẹ̀ hàn láti òpópónà, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí ń wọlé sílẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí wọ́n bá pè yín, tí wọ́n sì ní ṣé ẹ ní ìbéèrè, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé: kí ni ọwọ́ mi yóò máa ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Ta ni yóò máa wo iṣẹ́ mi? Ẹni tí ó wà ní ipò yìí kí n tó dé, níbo ni ó wà báyìí? Ìdáhùn ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ń sọ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá tí a fi sílẹ̀ lórí àga. A kò sọ fún un pé ó ṣe àṣìṣe. A bi ọmọ náà pé, "Ìwọ ńkọ́, kí ni o rí lára katakata?" Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní: "Bàbá, a kà nípa rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a rí èyí tí wọ́n tú ìdí rẹ̀." A yíjú sí ìyá náà, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún ọmọ náà ní oṣù méjìdínlógún, kí ó ṣì máa jẹun ní ìkòkò rẹ̀; bí oṣù náà bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, kí ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó gbà. Ó ní òun gbà nítorí ọjọ́ orí wa ni, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ wa.

Oṣù méje nìyí. Ọmọ náà kò tíì lówó. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó kọjá, oko kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ pé katakata àwọn kò lè gbé irin ìtúlẹ̀ sókè mọ́, òjò sì ti ń ṣú. Ọ̀gá kò sí nílé. Ọmọ yìí gun ọ̀kadà lọ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ó rí i pé epo tí ń gbé irin náà ti dọ̀tí, asẹ́ rẹ̀ sì ti dí pátápátá. Ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ epo, irin ìtúlẹ̀ gbéra, wọ́n sì ro ilẹ̀ wọn kí òjò tó rọ̀. Láti ìgbà náà, bí oko yẹn bá ń pe ọ̀gá, wọ́n a máa béèrè fún "ẹnjiníà kékeré yẹn." A pàdé ìyá rẹ̀ ní ọjà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó kí wa dáadáa, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní oṣù mọ́kànlá ni ó kù, òun ń kà á.

A ó dákẹ́ níhìn-ín kí òùngbẹ má baà gbẹ yín. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ó bá ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, pàápàá ẹni tí ó ní méjì tí kò mọ èyí tí yóò mú, kí ó gbé e wá sí ìdí tábìlì yìí, kí ó sì mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ dání. A mú ìwò ojú wa wá, ọjọ́ kò sì tíì lọ. A ó jọ kà á.